Ta Ni Ó Ni Ìsinmi Òṣìṣẹ́?

Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ẹni pé kò ṣòro, ṣùgbọ́n tí ó ti ń da ọkàn mi láàmú láti ìgbà díẹ̀ wá: ìsinmi tí òṣìṣẹ́ ń ní láàárín iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ṣé ọ̀gá ni ó fi ń ta á lọ́rẹ ni, àbí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni? Ẹ̀yin olùkọ́, inú ìwé kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ bá ìbéèrè náà pàdé. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni ó gbé e kò mí lójú.

Ní ọjọ́ kan, mo lọ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wò. Wọ́n ti lu agogo ìsinmi, àwọn ọmọ sì ń ṣeré ní ìta. Mo yọjú sí kíláàsì kan, mo bá olùkọ́ obìnrin kan tí ó gbé orí lé tábìlì, tí ó di ojú. Mo yọ kálámù, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo bá a níbi tí ó ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ìró bàtà mi, ó dìde gìrì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Láti òwúrọ̀ ni n kò tíì jókòó." N kò dá a lóhùn. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń ṣọ́ àwọn ọmọ ní àkókò ìsinmi, àti pé lọ́jọ́ náà nìkan ni ẹlòmíràn gbà á sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fa igi lé ohun tí mo kọ. Síbẹ̀, bí mo ti ń lọ sílé, ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àánú ni ó mú mi fa igi náà, a jẹ́ pé alábẹ̀wò mìíràn tí kò ní àánú lè tún un kọ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ẹ wo ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Owó ni ó jẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé owó náà. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, òwúrọ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, bí ọ̀sán bá sì pọ́n, a gba oko tirẹ̀ lọ. Olówó kò lè wí pé nítorí pé òun yá a lówó, òun ni ó ni gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Bí a kò bá gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ ajigbèsè, kí ni a ó ti wí nípa ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí ó kàn ń ṣiṣẹ́ gba owó oṣù?

Òfin orílẹ̀-èdè wa pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ tí a ṣe ní ọdún 1974 wí pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi láàárín iṣẹ́ náà, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní dín ní wákàtí 1. Ó tún fún obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin náà ń túmọ̀ ẹni tí ó pè ní òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, lébìrà tí ń mọ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ lè tọ́ka sí òfin yìí; ó ṣòro fún olùkọ́ tí ń kọ́ni nínú ilé kan náà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ó ni àkókò ara rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún lọ́yà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Agogo ni ó ni àkókò olùkọ́. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ní abala 24 rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó fún ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọmọ kì í ṣe ọkọ́ tí a lè sọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá rẹni. Òótọ́ ni. Ọmọ lè ṣubú, ó sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ní ìṣẹ́jú tí olùkọ́ di ojú. N kò ní gbà kí a fi ewu ọmọ ra ìsinmi àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹnìkan kì í dúró láìsí ojúṣe ẹlòmíràn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Olùkọ́ kò lè dá fún ara rẹ̀ ní ìsinmi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò ṣètò pé kí Lágbájá ṣọ́ ọmọ lónìí, kí Làkáṣègbè ṣọ́ wọn lọ́la. Ẹlẹgbẹ́ ni yóò gbà láti dúró. Níbi tí olùkọ́ bá sì ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìjọba ni ó jẹ wọ́n ní gbèsè olùkọ́ kejì.

Alábẹ̀wò náà ní ojúṣe tirẹ̀. Nígbà tí mo ń kàwé ní ìlú Òyìnbó, mo kọ́ nípa òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1833. Ó fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní wákàtí kan àtààbọ̀ lójúmọ́ láti fi jẹun, ó sì pèsè alábẹ̀wò 4 láti rí i pé àwọn ọlọ́jà ilé-iṣẹ́ pa á mọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ń ṣọ́ ìsinmi fún òṣìṣẹ́. Èmi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ nítorí ìsinmi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti bèèrè ìwé orúkọ àwọn ọmọ, mo ń bèèrè ètò ìsinmi àwọn olùkọ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí a tó nàka sí ìjọba tàbí sí ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ara wa. Ọmọ tí a dá dúró nínú kíláàsì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré, èyí tí a rán lọ pọn omi ní àkókò ìsinmi rẹ̀, àti ọmọdébìnrin tí ń bá wa ṣiṣẹ́ nínú ilé, tí ó ń jí ṣáájú wa, tí ó sì ń sùn lẹ́yìn wa: ta ni ń lu agogo fún wọn? Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ẹ̀tọ́ tí a ń bèèrè fún ara wa, tí a sì ń fi du ẹni tí ó wà lábẹ́ wa, kò tíì yé wa.

Mo padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò tó bẹ́ẹ̀, sà." Mo sọ fún un pé ó tó bẹ́ẹ̀.