Olúwa Bá Mi Dá Sí Ọ̀rọ̀ Ilé-ìwé Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n pa ọmọ mi tì.

Houston, ní Texas, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọkùnrin wa ti pé ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Bí ariwo bá pọ̀ ní kíláàsì, á di etí, á wọ abẹ́ tábìlì. Ilé-ìwé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, Yorùbá tí à ń sọ nílé ló ń dà á láàmú, kí a yé sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Màmá mi tí ń bá wa gbé kò gbọ́ èdè mìíràn. Ṣé kí wọ́n máa wo ọmọ-ọmọ wọn láìfọhùn ni?

Mo gbààwẹ̀, mo sunkún. Ọlọ́run wá lo ìyá kan nínú ìjọ wa, tí ọmọ tiwọn náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, má bá wọn jà. Kọ lẹ́tà, kọ déètì sí i, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan." Àwọn ló là mí lójú pé láti 1975 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọmọ tó ní ìpèníjà gba ẹ̀kọ́ tó bá a mu lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àyẹ̀wò ilé-ìwé kò bá tẹ́ òbí lọ́rùn, ó lè ní kí wọ́n san owó ẹlòmíràn láti òde tí yóò tún un ṣe. Bí ilé-ìwé bá kọ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò gbé ẹjọ́ lọ láti fi hàn pé tiwọn tọ̀nà.

Mo kọ lẹ́tà náà, ilé-ìwé sì gbà. Ẹni tó wá tún àyẹ̀wò náà ṣe mú ògbufọ̀ dání, ó bá màmá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ títí, ó wo ọmọ níbi tó ti ń ṣeré. Autism ló bá lára rẹ̀. Yorùbá kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ní ìpàdé ARD tí òbí àti olùkọ́ ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkọ mi fẹ́ pe lọ́yà. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn olùkọ́ wọ̀nyí náà ni yóò sì máa gba ọmọ wa lọ́wọ́ wa láràárọ̀. A bá béèrè fún onílàjà, ilé-ìwé náà sì gbà. Ìpínlẹ̀ ló ń sanwó fún un, kọ́bọ̀ kò jáde lápò wa. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè gbé e lọ síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí tọ̀tún-tòsì bá fọwọ́ sí, kóòtù lè mú wọn ṣe é.

Onílàjà náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gbọ́ tiwa, ó gbọ́ tiwọn, ó wá kọjú sí olùkọ́ ọmọ mi, ó ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní kíláàsì. Olùkọ́ náà ní òun ti ń wá olùrànlọ́wọ́ fún ọmọ yìí tipẹ́, pé apá òun nìkan kò ká a. Omi bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fọwọ́ sí i: olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì, ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ibi tó dákẹ́ tó lè sá sí nígbà ariwo.

Lónìí, ọmọ mi ń béèrè omi fúnra rẹ̀, ó sì ń kí ìyá àgbà. Olúwa, mo dúpẹ́. Ìyá tó tọ́ mi sọ́nà, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san.

Ẹ̀yin òbí ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ibùdó tó ń kọ́ òbí ní ẹ̀tọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ wá a rí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ṣòro fún yín, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ sí ìpàdé tí ẹ ó ti ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ yín. Ẹ béèrè fún un.