Wọ́n Ń Wọn Ara, Wọn Kì Í Wọn Àpò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ sáré, tí ẹnì kan gba ipò kìíní, kí la lè sọ dájú nípa rẹ̀? A lè sọ pé ó yá ju àwọn mẹ́sàn-án tó kù lọ. Ṣùgbọ́n ṣé a lè sọ pé òun ló mọ eré sá jù? Ẹni tí kò rówó débi eré ńkọ́? Ẹni tí wọn ò tiẹ̀ sọ fún pé eré wà ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé ìdíje lè jẹ́ òdodo nígbà tó jẹ́ pé owó ló ń yan ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀?

Eré go-kart ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan ọmọ Ìbàràpá nínú ìyẹn. Ẹ ní sùúrù. Ọkọ̀ kékeré ni go-kart: irin tí wọ́n jó pọ̀, táyà mẹ́rin, àga kan, ẹ́ńjìnnì kékeré. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní sípíríǹgì. Ìdí awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Art Ingels ló kọ́kọ́ ṣe é ní California lọ́dún 1956, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló sì gbé sí i. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun olówó ńlá ló kọ́kọ́ jẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe eré ìgbafẹ́ ò ní láti kọ́kọ́ ra ọkọ̀. Níbi tí pápá rẹ̀ bá wà, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ háyà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní akoto bíi ti ọlọ́kadà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń mú un sáré, ẹsẹ̀ òsì ló ń dá a dúró. Ohun tí wàá kọ́kọ́ rí ni pé ẹni tó mọ kọ́nà gbà ló ń borí, kì í ṣe ẹni tó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bíréèkì ni wàá kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì dojú kọ iwájú, kí o tó yí i. Wàá ti ẹ̀gbẹ́ ìta wọ kọ́nà, wàá gé e mọ́ inú, wàá sì jẹ́ kó gbé ọ jáde sí ìta padà. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, bákan náà ni wọ́n ń yí. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà ìta máa rìn gùn ju ti inú lọ. Nítorí náà, táyà ẹ̀yìn tó wà nínú gbọ́dọ̀ gbéra díẹ̀ nílẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ò ní fẹ́ yí. Ọgbọ́n ara ni gbogbo èyí. Wọn kì í tà á lọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi nìyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá dọ́gba, ẹni tó fúyẹ́ máa ń yá ju ẹni tó wúwo lọ. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje rí i pé ìyẹn ò dáa, ni wọ́n bá ṣòfin: awakọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju ìwọ̀n kan lọ. Bí eré bá parí, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọmọ tó bá fúyẹ́ jù, wọ́n á ti de òjé mọ́ àga rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè pé. Ẹ wo irú wàhálà tí wọ́n ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà jàǹfààní ara tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ dá! Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ tó wúwo pé ìka ò dọ́gba, kó lọ fara mọ́ ọn. Òjé ni wọ́n wá.

Àpò bàbá ńkọ́? Ìyẹn náà, ọmọ kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá a. Lóòótọ́, àwọn ìdíje kan wà tó jẹ́ pé irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Síbẹ̀, owó táyà ńkọ́, owó ìrìnàjò, owó ọjọ́ ìdánrawò? Kò sí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé ìwọ̀nyẹn lé.

Ẹ wo Michael Schumacher ti Jámánì. Bàbá rẹ̀ ló ń bójú tó pápá go-kart ní Kerpen, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ nílò ẹ́ńjìnnì tuntun tó jẹ́ 800 máàkì, wọn ò ní in. Àwọn oníṣòwò àdúgbò ló gbà wọ́n. Lewis Hamilton ní Ìlú Ọba, ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, nígbà mìíì ó tó iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ṣe pọ̀ kí ọmọ lè máa wakọ̀. Ẹ̀ẹ̀méje-méje làwọn méjèèjì gba ipò kìíní àgbáyé nínú Formula One. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń fà yọ ni pé ẹni tó bá múra á débẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Ká ní àwọn oníṣòwò Kerpen dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe ká má gbọ́ orúkọ Schumacher láéláé, ayé ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ibi tí ìrẹ́jẹ yìí ti burú nìyẹn: kì í lóhùn. Ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ kì í sí nínú àwọn tó fìdí rẹmi.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Ní Ayétẹ̀, níbi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá wà, ẹ̀gẹ́ la mọ̀ mọ́ ilẹ̀ wa, kò sí pápá go-kart. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń ṣe é láìmọ orúkọ rẹ̀: pákó kan, bíárìn àlòkù mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀ gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ìṣó díẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó di orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ti rí ọmọ tó ń fi gìgísẹ̀ ṣe bíréèkì, tó ń tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún ní kọ́nà kí pákó má baà dojú dé. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló sì máa mọ bó ṣe yá tó?

Àgbà kan lè ní: ọ̀nà ò dáa, ẹ ń sọ̀rọ̀ go-kart! Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n fowó ilé ìwòsàn kọ́ pápá eré. Àmọ́ ohun tó ń ṣe ọmọ orí pákó náà ló ń ṣe ọmọ tó mọ ìṣirò, tí kò rówó fọ́ọ̀mù ìdánwò san. Àwa tí a wọ yunifásítì, a máa ń sọ pé orí wa ló pé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ yẹn nìkan la jọ díje.

Kí wá ni ká ṣe? Ṣé kí ọmọ olówó má wakọ̀ mọ́ ni? Rárá o, kò ṣẹ̀ wá. Àwọn ọmọ orí pákó ti fún wa lésì. Pákó kan ni wọ́n ní, wọ́n sì ń gùn ún ní kọ̀ọ̀kan: ó kàn mí, ó kàn ọ́. Pákó kan náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà, ẹni tó bá lọ jìnnà jù ló borí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ go-kart nílẹ̀ wa lọ́la, báyìí ló yẹ kó ṣe é: ọkọ̀ kan, aago kan, akoto lórí, ibi tí mọ́tò ò gbà kọjá, kí olúkúlùkù gùn ún nígbà tirẹ̀. Àpò bàbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ìwọ̀n ara nìkan ló kù, òjé sì ń bẹ.

Èrò tèmi ni pé ìdíje tí owó yan àwọn olùbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè fi ẹni tó yá hàn láàárín àwọn tó débẹ̀. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì borí níbẹ̀ jẹ gbèsè kan: kó sọ̀ kalẹ̀, kó jẹ́ kí ẹlòmíì gùn ún wò. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo pa, kó kọ tirẹ̀ fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Mo ń retí yín.