ṢÉ ÌṢẸ́GUN NI Ẹ̀RÍ ỌGBỌ́N?

Ọ̀ràn kan wà tí ó ti wà lọ́kàn wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín nínú ìwé oṣù yìí. Òun náà ni pé: nígbà tí ènìyàn bá dáwọ́ lé ohun kan, tí ó sì yọrí sí rere fún un, ǹjẹ́ yíyọrí náà tó ẹ̀rí pé ohun tí ó ṣe tọ́? Ẹni tí tirẹ̀ kò sì yọrí, ṣé òmùgọ̀ ni kí a máa pè é?

Gbogbo ẹni tí ń gbé Fìdítì tàbí Ìlọrà ni ó mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti jáde. Etí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni a ń gbé, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó wa kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá tètè dé ọjà, wọn yóò rà. Ẹ jẹ́ kí a wí pé awakọ̀ méjì gbé ẹrù ọsàn kúrò nílùú ní òwúrọ̀ kan náà. Ọ̀kan tẹ iná mọ́lẹ̀, ó ń ya àwọn ọkọ̀ sílẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà gbé wọ́, níbi tí kò ti lè rí ẹni tí ń bọ̀ níwájú, ó sì dé ọjà kí oòrùn tó mú. Èkejì rọra wa tirẹ̀, ó dúró níbi tí ó yẹ kí a dúró, ó sì dé nígbà tí owó ọsàn ti wálẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ta ni àwọn ọlọ́sàn yóò máa yìn? Ta ni wọn yóò máa bú pé ó wa ọkọ̀ bí ẹni tí ń sin òkú? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ asáré ni gbogbo ẹrù yóò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ojú ọ̀nà wa díẹ̀, kí a lọ wo ibi tí a ti sọ eré ọkọ̀ di iṣẹ́ òòjọ́. Nítorí ọ̀ràn tí kò kan ẹni a máa yé ni kedere ju èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n sá eré-ìje ọkọ̀ ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Silverstone. Ìyípo 52 ni eré náà, ìyípo kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 6. Ẹni tí ó wà níwájú ni Lewis Hamilton, tí a bí ní ìlú Stevenage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, tí ìran baba rẹ̀ sì ti erékùṣù Grenada wá. Ilé rẹ̀ ni ó ti ń sáré. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, kò sí òǹwòran kan níbi àga; ilé wà, ará ilé kò sí.

Ìjàmbá ọkọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ó mú kí gbogbo wọn máa rọra tẹ̀lé ọkọ̀ ààbò. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé láti pààrọ̀ táyà, táyà wọ̀nyí ni wọ́n sì ní lọ́kàn láti lò dé òpin, nǹkan bí ìyípo 40. Hamilton ń lọ níwájú, Valtteri Bottas, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, tẹ̀lé e, Max Verstappen ará Netherlands sì ṣe ẹ̀kẹta. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, táyà Bottas bẹ́. Ó fà sẹ́yìn títí ó fi ṣe ẹ̀kọkànlá. Àwọn ẹgbẹ́ Verstappen wá pè é wọlé kí ó pààrọ̀ táyà. Wọ́n ń wá máàkì kan tí a máa ń fi fún ẹni tí ó bá sá ìyípo tí ó yá jù lọ nígbà náà, táyà titun sì tún jẹ́ ààbò fún un. Àyè tí ó wà láàárín òun àti Hamilton wá di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, èyí tí ó tó kí Hamilton pẹ̀lú wọlé, kí ó pààrọ̀ tirẹ̀, kí ó sì tún jáde síwájú. Wọn kò pè é. Ó ń bá a lọ lórí táyà àtijọ́.

Ní agbede-méjì ìyípo tí ó kẹ́yìn pátápátá, táyà iwájú lápá òsì bẹ́ mọ́ Hamilton lẹ́sẹ̀. Verstappen ń bọ̀ lẹ́yìn bí àṣá. Láti inú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ẹni tí ń tọ́ Hamilton sọ́nà ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó kù láàárín wọn, iye náà sì ń dín kù ṣáá. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí asáré wá ní láti mọ bí a ti ń rọra. Bí ó bá sáré jù, táyà náà yóò ya kúrò, ọkọ̀ yóò sì fò kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá rọra jù, wọn yóò bá a. Ó mú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta péré dá kọjá ilà òpin, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé 6 borí. Ìgbà keje nìyẹn tí ó borí nínú eré-ìje ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwa ènìyàn dúdú yọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ilé wa ni a bí i sí. A kò rí ibi nínú ayọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ará ilé ni ẹni tí kì í fẹ́ rí àléébù ọmọ ẹni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí àjèjì yóò ti bi í. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó ṣe ọgbọ́n? Bí a bá fi òṣùwọ̀n ọjà wọn ọ́n, òmùgọ̀ ni Verstappen, nítorí bí kò bá wọlé, òun ni ì bá kọ́kọ́ dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ táyà tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ rẹ̀ wò, ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. Ta ni ó mọ̀ bóyá kì bá bẹ́ mọ́ òun náà lẹ́sẹ̀? Ní ìṣẹ́jú tí ó wọlé, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fojú rí lára ọkọ̀ Bottas, ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe. Àwọn ti Hamilton tí kò pè é wọlé rí ohun kan náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú ewu. Ìṣẹ́gun kò sọ ìyẹn di ọgbọ́n. Ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Hamilton tí ó yẹ fún ìyìn ní tòótọ́: ìyára tí ó fi jìnnà sí àwọn yòókù, àti ìfọkànbalẹ̀ tí ó fi mú ọkọ̀ arọ náà délé. Àwọn wọ̀nyí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá tilẹ̀ jẹ́ pé Verstappen bá a ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ilà òpin, ìyìn wọ̀nyí kì bá dín kù. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé táyà náà dúró di ìyípo tí ó kẹ́yìn kí ó tó bẹ́. Èyí ni kí a fi dúpẹ́, kì í ṣe kí a fi yangàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ọ̀ràn yìí ju àwa lọ. Ọmọ kan ṣe ìṣirò, ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ rí i pé àṣìṣe méjì ni ó ṣe, tí èkejì sì pa èkínní rẹ́. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í fún un ní gbogbo máàkì, nítorí ó mọ̀ pé lọ́la ọmọ náà yóò ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, kò sì ní sí èyí tí yóò pa á rẹ́.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí pẹ̀lú jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kan a ń lọ sí ìpàdé ní Ìbàdàn, a pẹ́, a sì wí fún awakọ̀ pé kí ó fi ẹsẹ̀ sí i. A bá àkókò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a tún fi owó díẹ̀ kún owó rẹ̀. Ní alẹ́ ni a tó rántí ọmọdébìnrin kan tí ó gbé àwo ọsàn lérí, tí ó fò sẹ́yìn kúrò létí ọ̀nà nígbà tí a ń kọjá. Bí ó bá ti fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ kí ó tó fò, orúkọ wo ni a ì bá pe ara wa? Síbẹ̀ ohun kan náà ni a ṣe, yálà ó fò tàbí kò fò.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ọlọ́run ni ó gbà á, ta ni ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ Ọlọ́run wò?” Ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà tí a dán Olúwa wa wò ní ṣóńṣó òrùlé tẹ́ḿpìlì pé kí ó bẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti bẹ́, tí àwọn áńgẹ́lì sì gbé e láìfarapa, ǹjẹ́ bíbẹ́ náà ì bá di rere? Kì bá rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀ nítorí pé ohun náà fúnra rẹ̀ kò tọ́, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù pé yóò fara pa. Òun kan náà ni ó bi àwọn ènìyàn léèrè nípa àwọn 18 tí ilé-ìṣọ́ Sílóámù wó pa, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju ti àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ, tí ó sì dá wọn lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, yíyè kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí, ikú kì í sì í ṣe ìdálẹ́bi.

Ní Silverstone, gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà náà ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ yan ewu. Ọmọdé kan kì í sọdá níbẹ̀, oníṣègùn sì wà ní sẹpẹ́. Lójú ọ̀nà tiwa, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni asáré fi ń ta tẹ́tẹ́. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ lè dá awakọ̀ dúró, kò lè dá ìyìn wa dúró; ìyìn wa ni ó sì ń tẹ iná ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A fẹ́ fi kún un pé àgbà tí kò ṣubú pẹ̀lú ní láti wo ẹ̀yìn, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó mú un dúró, tàbí àánú. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ kan bá mú ọrẹ ìdúpẹ́ wá sí iwájú pẹpẹ nítorí ewu tí ó yọ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ìsìn, kí ẹnìkan nínú àwọn àgbà ìjọ fà á sápá kan, kí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í léèrè bí ó ti wa ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọ̀nà bá pa ẹnìkan nínú wa, kí a má ṣe wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri láàárín ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ọlọ́sàn kan nínú ìjọ wa tún gbé ẹrù rẹ̀ fún awakọ̀ tí ó pẹ́. Ìyẹn yóò ná an lówó díẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ó lè ná an.