Àlejò Ha Ni Ó Ba Ilé Jẹ́ Bí?

Láti ìgbà tí a ti kọ́ èbúté ńlá Apápá, àwọn ará Ìlàjẹ, Ìgbò àti Urhobo ti ń wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀. Nígbà mìíràn àlejò a wọ ilé tí ó rọ̀ṣọ̀mù: baálé a ṣe ojúkòkòrò, ìyàwó a jowú, ọmọ a ṣàìgbọràn. A ó sì wí pé, àlejò ni ó bà á jẹ́. Lóòótọ́, àlejò búburú ń bẹ. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìfẹ́ ti tutù nínú ilé náà kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Fìtílà ni ó gbé wọlé. Ẹni tí ó fọ́ fìtílà kò tíì gbá ilẹ̀. Ǹjẹ́ kí a tó lé àlejò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbá ilé wa.