Ìrókò Tó Ń Gba Ẹbọ

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Àwọn òbí ló sábà máa ń pa òwe yìí, ọmọ tó yọ ẹran nínú ìkòkò ni wọ́n sì máa ń pa á fún. Ìdajì àkọ́kọ́ ni gbogbo wa dì mú. Lójú tèmi, ìdajì kejì ni ọgbọ́n rẹ̀ sùn sí. Igi tó bá ti ju agbára àdá lọ kì í kàn dúró jẹ́ẹ́. Àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ni yóò máa gbé epo àti adìyẹ lọ sídìí rẹ̀, tí wọn yóò máa we aṣọ funfun mọ́ ọn, tí wọn yóò máa bẹ olúwéré inú rẹ̀ kó má bínú. Ẹni tó yẹ kó pẹ̀ka rẹ̀ lánàá ló ń kúnlẹ̀ fún un lónìí.

Ẹ wo ọ́fíìsì tí fáìlì kì í ti í kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sórí èkejì àfi kí èèyàn kọ́kọ́ "rí" ọ̀gá. Ẹbọ nìyẹn. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì náà kàwé, ó gba oyè, ó ti jẹ́ ọmọ yunifásítì rí. Ibo ni ẹ̀ka yẹn ti yọ lára rẹ̀?

Ohun tó ṣojú mi ni màá sọ. Ní kíláàsì wa ní yunifásítì, léjísítà a máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Èèyàn 60 lè jókòó, kí orúkọ 110 wà nínú ìwé. "Bá mi sáìnì" la máa ń wí fún ara wa. Lọ́jọ́ kan, mo bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta sáìnì. Mo fi bíírò búlúù kọ méjì, mo fi dúdú kọ ẹ̀kẹta, mo sì tẹ ọwọ́ ìkọ̀wé mi sí ẹ̀gbẹ́ kó má bàa jọ tèmi. Kò sẹ́ni tó pè é ní èrú láàárín wa. Ìfẹ́ ọ̀rẹ́ la pè é.

Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom rán ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, nítorí èsì ìbò 2019 tó yí padà níbi tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti fi í ṣe alábòójútó. Bíírò búlúù yẹn ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́. N kò mọ ìgbà èwe ọ̀jọ̀gbọ́n náà, n kò sì ní parọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ara mi ni mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn agùnbánirọ̀ ni INEC máa ń kó sídìí àpótí ìbò káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ọwọ́ tó ń bá ọ̀rẹ́ sáìnì léjísítà lónìí ni yóò sáìnì ìwé èsì ìbò lọ́la.

Òfin pàápàá ti mú ọjọ́ tí agbára yóò bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sún mọ́lé. Láti oṣù Karùn-ún 2018, ọmọ ọdún 25 lè du ipò ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. 30 ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 25 ló jẹ́ pé aṣọ agùnbánirọ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Àkókò àdá kò pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ òwe náà yé dáadáa: pípa ẹ̀ka ló wí, kò ní ká gé igi lulẹ̀. Igi rere ni ìrókò. Ikán kì í rí i jẹ, òun la fi ń ṣe ilẹ̀kùn tí àrọ́mọdọ́mọ ń bá nílẹ̀. Ìjọba ti gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ rí. Ní 1978, ìjọba ológun sọ owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ di náírà kan ààbọ̀ lóòjọ́, láti 50 kọ́bọ̀. Ṣẹ́gun Òkéowó, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà, ló ṣáájú ìwọ́de tí a ń pè ní "Ali Must Go", lórúkọ Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ìbọn dún, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ ṣòfò. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́, wọ́n lé Òkéowó kúrò ní yunifásítì. Ó padà kàwé rẹ̀ parí ní Ifẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ṣe. Gígé ni wọ́n gé igi ẹgbẹ́ yẹn. Ó di 1980 kó tó tún hù, òun là ń pè ní NANS. Títí dòní, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pa bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, wọn a ní àwọn ń tọ́ ọmọ. Ibi tí ọmọ ìbá ti kọ́ bí a ti ń ná owó ẹlòmíràn tí a sì ń jíhìn ni wọ́n tì yẹn.

Ta ni kó wá mú àdá? Òbí ti jìnnà. Olùkọ́ tó ń fipá ta ìwé fún ọmọ kíláàsì kò lè pẹ̀ka ẹnikẹ́ni. Ó ku àwọn ọmọ fúnra wọn.

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nílé ẹ̀kọ́, akápò wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́rin, yóò lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé: owó tó wọlé, owó tó jáde, títí kan omi inú ọ̀rá. Lọ́sẹ̀ kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "350 náírà. N kò mọ bó ṣe rìn. Màá dá a padà." Ààrẹ wa bínú, ó ní ó ń dójú ti ẹgbẹ́, kó ṣí i kúrò. Kò ṣí i. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọ "350 náírà, mo ti dá a padà" sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì bọ́ sórí owó mìíràn.

Ní sẹ́mẹ́sítà tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn di akápò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, aago mẹ́rin kọjá, kò sí ìwé lára ilẹ̀kùn. Kí aago márùn-ún tó lù, ọmọ ọdún kìíní mẹ́rin ti dúró síbẹ̀, wọ́n ń kanlẹ̀kùn. "Bọ̀dá akápò, ẹ jọ̀ọ́, ìwé dà?"