Ǹjẹ́ Owó Ẹnu Ọ̀nà Ni Òṣùwọ̀n Eré? Èrò Lórí Eré Sinimá Alápá Mẹ́ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dé ọjà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni ó ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ, tí a sì ti bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọjà gan-an, èmi tí mo ń kọ́ni ní òwe náà gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni n ó fi ṣáájú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀: nínú àwọn eré sinimá alápá mẹ́ta tí a ti ṣe láyé, èwo ni ó ga jù lọ? Eré alápá mẹ́ta ni èyí tí ìtàn rẹ̀ pín sí eré mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, ṣùgbọ́n tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra. Èmi ni onídàájọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin kan gbè lẹ́yìn Star Wars tí George Lucas dá sílẹ̀, ó sì ń ka iye mílíọ̀nù dọ́là tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa bí ẹni ń ki oríkì. Ọmọbìnrin kan gbè lẹ́yìn eré mẹ́ta tí Satyajit Ray, ará Íńdíà, ṣe nípa ọmọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Apu. Òun kò ní iye owó kankan láti kà. Mo dá ọmọkùnrin náà láre. Mo ní òun ni ó fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin náà dìde, ó tẹrí ba, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí àwọn tí ń ra ìwé Fágúnwà bá dín kù lọ́dún yìí, ṣé ìwé náà ti burú sí i nìyẹn?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè náà délé, kò sì jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀.

Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Ǹjẹ́ owó tí a rí gbà ní ẹnu ọ̀nà ilé sinimá lè sọ fún wa bí iṣẹ́ ọnà ti níye lórí tó? Bí kò bá sì lè sọ ọ́, kí ni ojúṣe ẹni tí ń ṣe ìdájọ́?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àṣà kíka owó yìí ti gbilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àtijọ́, ọ̀pọ̀ eré ńláńlá a máa bẹ̀rẹ̀ ní ilé sinimá díẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá, kí wọn tó tàn dé àwọn ìlú kéékèèké. Ẹnu àwọn tí ó ti wò wọ́n ni ó máa ń polówó wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1975, eré Jaws tí Steven Spielberg darí, ìtàn ẹja ńlá apanijẹ kan létí òkun, jáde ní ilé sinimá tí ó ju 400 lọ ní ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìpolówó rẹ̀ kún orí tẹlifíṣàn. Owó tí ó pa kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, Star Wars gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá Hollywood ti sọ àkókò ooru, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nínú ìsinmi, di ìgbà ìkórè. Kí àkókò náà tó dé ni àwọn ènìyàn yóò ti máa sọ tẹ́lẹ̀ pé èyí yóò gbòde, èyí yóò kùtà. Bí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ bá sì ti kọjá, a ó tẹ iye owó wọn jáde bí èsì ìdánwò.

N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alágbàtà tí kò lè sọ bí ọjà yóò ti rí lọ́la kò ní pẹ́ jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ iye owó náà wò dáadáa. Èkíní, owó ẹnu ọ̀nà kì í ṣe èrè: onílé sinimá yóò mú ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, ìpín náà kì í sì í ṣe kékeré, owó ìpolówó sì tún wà lọ́tọ̀. Èkejì, owó kò dúró lójú kan. Dọ́là ọdún 1939 kì í ṣe dọ́là òde òní. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá ṣírò ìyàtọ̀ náà, Gone with the Wind tí ó jáde ní ọdún 1939 ṣì ni ó wà lókè ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: àwọn tí ó san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tíì wo eré náà nígbà tí wọ́n ń sanwó. Owó wọn jẹ́ ẹ̀rí pé ìpolówó wọ̀ wọ́n létí. Kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé eré wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àkókò ooru ọdún 1982. E.T. tí Spielberg darí jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, òun ni ó sì wá pawó ju gbogbo eré ìṣáájú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Blade Runner tí Ridley Scott darí jáde, ó sì kùtà. Bí a bá ti ṣe ìdájọ́ ní ọdún náà, ẹjọ́ ti parí. Àmọ́ ní ọdún 1993, a fi Blade Runner sínú àkójọ àwọn eré tí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń pa mọ́ fún ìran tí ń bọ̀. Ní ọdún 1994, a fi E.T. náà sí i. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí a pè ní wèrè lọ́dún yìí ni a ó pè ní ọgbọ́n lọ́dún mìíràn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ eré alápá mẹ́ta tún ṣòro ju èyí lọ. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kúrú, ìkòkò yóò wọ́. Apá kìíní ni ó ń ṣe ìlérí fún òǹwòran, apá kejì a mú ọ̀rọ̀ le sí i, apá kẹta ni yóò san gbèsè gbogbo. Francis Ford Coppola ṣe The Godfather ní ọdún 1972, owó ńlá sì wọlé. Apá kejì, ti ọdún 1974, kò pawó tó ti àkọ́kọ́ rárá. Síbẹ̀ òun ni eré àtẹ̀lé àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún eré tí ó dára jù lọ lọ́dún. Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá kí apá kẹta tó jáde ní ọdún 1990. Eré mìíràn tí Coppola ṣe ní ọdún 1982 ti kùtà, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni ó gbà pé apá kẹta yìí ni ààrò tí ó kúrú. Ní ọdún 2020, Coppola fúnra rẹ̀ tún eré náà gé, ó tún un tò, ó sì fún un ní orúkọ tuntun. Ìgbẹ̀yìn ni alayò ń ta: oníṣẹ́ ọnà náà mọ̀ pé owó tí ó wọlé kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé owó àti iṣẹ́ rere jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Peter Jackson ya apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta The Lord of the Rings pọ̀ ní New Zealand láàárín ọdún 1999 sí 2000, kí òǹwòran kankan tó san kọ́bọ̀. Apá kẹta, ti ọdún 2003, pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar mọ́kànlá. Ahunpọ̀ ìtàn rẹ̀ ti wà lódindi láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ni ó tẹ̀ lé e, kì í ṣe òun ni ó ń tẹ̀ lé owó.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí eré tí ọmọbìnrin náà yàn. Owó tán lọ́wọ́ Ray nígbà tí ó ń ṣe apá kìíní, Pather Panchali, títí ìjọba West Bengal fi ràn án lọ́wọ́ kí ó tó parí rẹ̀ ní ọdún 1955. Apá kejì, Aparajito, ti ọdún 1956, kò rí ọjà nílé. Nínú rẹ̀ ni Apu ti fi ìyá rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lábúlé, tí ó lọ kàwé ní Calcutta. Kí ó tó padà, ìyá ti kú. Ní ọdún 1957, eré náà gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní àjọ̀dún sinimá Venice. Níbẹ̀ ni a ti bi Ray bóyá apá mẹ́ta ni yóò ṣe. Kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni ó pinnu, apá kẹta sì jáde ní ọdún 1959. Bí ó bá jẹ́ pé owó ẹnu ọ̀nà nìkan ni a fi dá Aparajito lẹ́jọ́, a kì bá tí rí ààrò kẹta. Lẹ́yìn àríyànjiyàn wa ni mo tó wá eré náà wò. Ẹni tí ó bá ti fi ìyá sílẹ̀ lábúlé nítorí ìwé yóò mọ ìdí tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti dá a lẹ́jọ́ láìrí i.

Ẹnìkan lè wí pé: "Ìyìn kì í yó oníṣẹ́ ọnà, ẹ má ṣe kẹ́gàn owó." Òótọ́ ni. Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sálà, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, àwọn olè dà á kọ, wọ́n ń tà á. Ẹ̀rín jẹ́ ti òǹwòran, èrè jẹ́ ti olè, gbèsè sì jẹ́ ti onírẹ̀. Ìwà ìkà ni èyí. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni ó yẹ kí ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà fi hàn pé owó tí ó wọ àpò eléré kò lè sọ bí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, alápá mẹ́ta ni òun náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni púpọ̀ nínú wa ti wò ó. Kò sí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa tí ó ń kà wá. Ní òpin ọdún 2023 ni A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé jáde, òun sì ni eré Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá. Ó yẹ kí a bá oníṣòwò yọ̀. Bí eré náà ti dára tó, ìbéèrè mìíràn ni èyí. Wíwò nìkan ni ó lè dáhùn rẹ̀.

Nítorí náà, ojúṣe mẹ́ta ni mo rí fún ẹni tí ń ṣe ìdájọ́. Kí ó sọ òṣùwọ̀n tí ó ń lò: a kì í fi kóńgò wọn aṣọ, a kì í sì í fi ọ̀pá wọn gàrí. Kí ó wo iṣẹ́ náà kí ó tó sọ̀rọ̀. Kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú láti tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ìwé ìtàn àròsọ kan dára nítorí pé ó tà, a kò ní fún un ní máàkì; ahunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti ìlò èdè ni a ó ní kí ó wò. Kí ló dé tí mo fi fún un ní máàkì nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti sinimá?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo sì jẹ́wọ́ pé ìdájọ́ mi kò tọ́. N kò sọ pé Apu borí Star Wars. Ìyẹn ṣì jẹ́ àríyànjiyàn tí ó yẹ kí a tún jà. Ohun tí mo sọ ni pé n kò gbọ́ ẹjọ́ ọmọbìnrin náà kí n tó dá a lẹ́bi. Mo sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí àwọn tí ń ra ìwé Fágúnwà bá dín kù, ìwé náà kò burú sí i. Àwa tí ó yẹ kí a kà á ni a dín kù.