Onígbèsè tó Sá Sórí Àjà



Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi ní Ìpọ̀nrí níbí. Oúnjẹ ló ń sè tà. Kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀ ló ti ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó, ta ló di ọmọ mi?" Gbánà lọmọ ọ̀hún ń mu, kokéènì tí wọ́n sè di òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń finá sí fà. Ó ti ta jẹnẹrétọ̀. Ó ta ìkòkò tí ìyá fi ń ṣòwò. Owó WAEC àbúrò rẹ̀ obìnrin, alẹ́ ọjọ́ kan ló fi fà á tán. Àwọn tó ń tà á fún un láwìn wá ń kanlẹ̀kùn lóru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá san gbèsè náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ padà síbẹ̀. Ayálégbé méjì ti kó jáde nínú ilé, onílé sì ti ní káwọn náà máa wá ibi tí wọ́n máa gbà.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 ni Èkó di ojú ọ̀nà tí kokéènì ń gbà láti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù. Ìjọba ológun gbé òfin kẹ 20 jáde ní 1984. Ní oṣù kẹrin 1985 wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta. NDLEA dé ní 1989. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, tọ́ọ̀nù 1.8 kokéènì ni wọ́n bá nínú ilé kan ní Ìkòròdú. Díẹ̀ nínú ohun tó ń kọjá ló ń jábọ́ sí àdúgbò wa. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ọdún 2017, àwọn tó ń mugbó ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 10.6, ti kokéènì ò ju nǹkan bí 92,000. Ó kéré, àfi tí ọ̀kan nínú wọn bá ń gbé nílé rẹ.

Orúkọ ẹnì kan ni ìyá yìí fẹ́ gbọ́. Ká ní mo dárúkọ orogún rẹ̀ ni, á gbà, á sì sanwó. (Àwọn kan nínú wa ń jẹun lórí irú ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.) Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Á jẹ́ pé orí burúkú ló yàn nìyẹn."

Mo rán an létí ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja ò dúró béèrè, èyí tó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé. Òjò pa á lọ́nà, orí ṣá. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà dé, kò bá Àjàlá nílẹ̀. Ibo ló wà? Ó sá sórí àjà! Gbèsè ló jẹ, olówó sì jókòó dè é. Ṣé ẹ rò ó dáadáa? Ẹni tó ń mọ orí fún gbogbo ayé, onígbèsè tó ń fara pamọ́ ni. Afùwàpẹ́ ò bú u. Ó san gbèsè, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó bá a yan orí tó dára.

Ìyá dá mi lóhùn kíá: "Èmi náà ti sanwó, ẹ̀ẹ̀mejì!"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi lẹ́nu. Mo wá rí i pé àwọn tó ń ta gbánà lowó rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn, kò mú ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Olówó tó lé e gun àjà, inú ara rẹ̀ ló jókòó sí: adùn oògùn yẹn ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tó bá ti tán, ara á ní kó mú òmíràn wá. Mo ní kí wọ́n bọ orí rẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn Yábàá, tó ti wà láti 1907.

"Yábàá Lẹ́fúù kẹ̀? Kí wọ́n máa ní ọmọ mi ya wèrè?"

Àwa náà la sọ ilé ìtọ́jú di èébú. Orúkọ àdúgbò yìí sì máa ń rán mi létí: ìpọ̀nrí ẹni lorísun tí wọ́n ti bu orí ẹni, ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn tó ti lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n bu orí rẹ̀ lóun nìkan.

Oṣù mẹ́ta ló fi bá mi yan odì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àtọmọ dé. Òun ló ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ọmọ ti rù, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò lábẹ́ ìtọ́jú. Kò béèrè ẹbọ. Bóun ṣe máa bẹ àbúrò òun ló béèrè, torí ọmọbìnrin yẹn ò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ń ran fọkanáísà kan lọ́wọ́ ní Ojúẹlẹ́gba, ó fẹ́ dá owó WAEC yẹn padà. Mo ní kó máa kó ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, kó má jẹ́ kówó sùn sápò òun.